Orúkọ Ara Ọ̀rá Kọ́ Ló Wà Nínú Rẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Oògùn Amárají Tuntun

Àwọn lẹ́tà tó jọra la kó pa pọ̀, a sì yọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀wé kúrò. Oògùn amárají tí à ń wí ni èyí tó ń lé oorun lọ, tó ń mú ọkàn sáré, tó ń múni sọ̀rọ̀ láìsinmi. Kokéènì àti amphetamine ni àgbà nínú wọn. Àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n ń rọ ní yàrá kẹ́míkà ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé.

Ìbéèrè: Mo ń fọ ṣòkòtò ọmọ mi, ẹni ogún ọdún, ni mo bá rí ọ̀rá kékeré kan nínú àpò rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé iyọ̀ ìwẹ̀ ni, pé kì í ṣe fún jíjẹ. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣé kí n gbà á gbọ́? — *Ìyá tí kò rí oorun sùn*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má gbà á gbọ́. Iyọ̀ tí èèyàn fi ń wẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ni wọ́n ń dà á sómi. Kò sẹ́ni tó ń dì í sínú ọ̀rá tí kò ju èékánná lọ. Gbólóhùn "kì í ṣe fún jíjẹ" yẹn, òfin ni wọ́n fi ń sá fún. Bí wọ́n bá mú ẹni tó tà á, yóò ní iyọ̀ lòun tà. Àwọn kan a máa kọ "ajílẹ̀ òdòdó" sí i, àwọn mìíràn a kọ "ohun tí a fi ń nu ẹ̀gbà ọrùn". Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú ẹbí cathinone. Cathinone fúnra rẹ̀ wà nínú ewé khat, tí àwọn èèyàn Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Yemen ti ń jẹ lẹ́nu tipẹ́tipẹ́. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá ń tún un rọ. Wọ́n á so nǹkan bíńtín mọ́ ọn níhìn-ín, wọ́n á yọ òmíràn lọ́hùn-ún, á sì di oògùn mìíràn tó ní orúkọ mìíràn. Ọdún 1929 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe mephedrone. Wọ́n gbàgbé rẹ̀, ó sì tún yọjú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Amẹ́ríkà fòfin pàjáwìrì de òun àti ọmọ ẹbí rẹ̀ méjì, methylone àti MDPV, ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, àmọ́ kò pẹ́ tí ọmọ ẹbí mìíràn, alpha-PVP, fi gba ipò MDPV. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, Ṣáínà de kẹ́míkà 116 lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ àwọn tó ń rọ ọ́ tún wá òmíràn ṣe. Oògùn tuntun tí wọ́n ti fi tó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé létí ti lé ní 1,200, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń mára jí.

Ìdí tí a fi ń ka èyí fún yín ni pé ẹni tó tà á fún ọmọ yín gan-an lè má mọ ohun tó tà. Bí ọmọ náà bá ní "mephedrone lásán ni", ó lè má purọ́, kó sì má sọ òótọ́.

Ẹ fi ọ̀rá náà sínú ike tó ní ìdérí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o. Ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má fi sí imú, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Bí ara ọmọ náà bá yí padà, ẹ gbé ọ̀rá náà dání lọ sílé ìwòsàn, nítorí ó lè jẹ́ òun nìkan ni yóò sọ òótọ́ fún dókítà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wò ó: ṣé ó ń wà lójúfò fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó wá sùn bí òkú lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ọmọlójú rẹ̀ ń fẹ̀ gbàràgàdà nínú ìmọ́lẹ̀? Ṣé ó ń pa eyín keke, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ ń gbẹ? Ìgbà tó bá ti sùn, tó sì ti jẹun, ni kí ẹ bi í léèrè. Ẹni tí oògùn ṣì wà lójú rẹ̀ kò lè gbọ́ yín.

Ìbéèrè: Níbi àríyá kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti lo nǹkan bọ́ra sílẹ̀, ó ń bá ohun tí a kò rí jà, ara rẹ̀ sì gbóná janjan. Àwọn kan dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n jókòó lé e lẹ́yìn. Àwọn mìíràn ní ká fún un ní paracetamol àti omi púpọ̀. Kí ló yẹ ká ṣe? — *Alákòóso àríyá*

Ìdáhùn: Nínú gbogbo lẹ́tà yín, èyí ni a fẹ́ kí gbogbo èèyàn kà tán, nítorí ooru yẹn ló ń pa wọ́n.

Oògùn wọ̀nyí ń mú iṣan ara ṣiṣẹ́ láìdúró, iṣẹ́ yẹn sì ń dá ooru sílẹ̀. Lọ́wọ́ kan náà, wọ́n ń fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ pọ̀, tí ooru kò fi rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi ijó, èrò àti yàrá tí afẹ́fẹ́ kò sí kún un. Ìwọ̀n 37 ni ara máa ń wà lórí tẹmómítà Celsius. Bó bá ti kọjá 39, tí èèyàn sì ń ṣìwí, ewu dé. Láti 40 lọ sókè, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dì níbi tí kò yẹ, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á sì daṣẹ́ sílẹ̀.

Paracetamol kò wúlò níbí. Nígbà ibà, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ pé kí ara gbóná, àṣẹ yẹn ni paracetamol ń fà wálẹ̀. Ooru oògùn amárají kò ti ibẹ̀ wá, láti inú iṣan ló ti ń jáde. Àkókò lẹ máa fi ṣòfò, ẹ óò sì tún di ẹrù lé ẹ̀dọ̀ tí ìyà ti ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ méjì yìí ketekete: "ara rẹ̀ gbóná" àti "orí rẹ̀ kò pé". Ẹ lé èrò kúrò, ẹ pa orin, ẹ dín iná kù. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá a sọ̀rọ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohun tó ń rí. Ẹ gbé e síbi tútù, ẹ bọ́ aṣọ tó bá kù lára rẹ̀, ẹ da omi sí gbogbo ara, kí ẹ sì máa fi nǹkan fẹ́ ẹ láìdúró. Omi tó ń gbẹ lára ló ń kó ooru lọ. Omi tí ẹ kò fẹ́ kò ní ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí yìnyín bá wà, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí ọrùn, abíyá àti kòtò itan, níbi tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń gbà kọjá. Kí omi tútù mu gbogbo ara ló yá jù, ṣùgbọ́n kìkì bí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀, tí èèyàn tó pọ̀ sì wà láti gbé orí rẹ̀ sókè. Kí ara náà sọ̀ kalẹ̀ sí 39 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ẹ ń lé. Bó bá ti débẹ̀, ẹ dáwọ́ omi tútù dúró kó má baà tutù kọjá ààlà.

Ìjókòó-lé-èèyàn-lẹ́yìn yẹn, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń jà bẹ́ẹ̀, ásíìdì ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ara iṣan tó ń ṣiṣẹ́. Mímí kíákíá ló fi ń tú u jáde. Bí ẹ bá tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, mímí yẹn dúró, ọkàn náà sì lè dúró tẹ̀lé e. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dì í mú kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tàbí kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó má sì pẹ́. Bí ẹni tó ń jà bá dákẹ́ lójijì, ẹ má dúpẹ́: ẹ wò bóyá ó ń mí. Bí kò bá mí, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀, kó wọlé tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ìrànwọ́ yóò fi dé.

Ní ti omi mímu, bí ojú rẹ̀ bá dá, tó sì lè gbé e mì, ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ má da lítà lórí lítà sí i lẹ́nu. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí, pàápàá èyí tó jọ MDMA (oògùn àríyá tí wọ́n tún ń pè ní ecstasy), ń dá omi dúró sínú ara; iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á sì wú. Bí gìrì bá mú un, ẹ wo aago, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀, ẹ má ti nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ti dáwọ́ dúró. Gìrì tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún pe pàjáwìrì kí ẹ sì sọ fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nílé. Àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú propranolol, lè mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tún fún pọ̀ sí i lórí ohun tí oògùn amárají ti ṣe. Ní ilé ìwòsàn, oògùn ẹbí diazepam ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ń rọ ọpọlọ, iṣan àti ọkàn lójú kan náà. Àyà dídùn pẹ̀lú ọjọ́ orí kékeré kì í ṣe ohun à ń fojú kéré: òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ọmọ ọdún 22 lè fún pa pọ̀. Bí ìtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì bá pọ́n rúsúrúsú bíi tíì, iṣan tó yọ́ ló ń gba kíndìnrín jáde. Kí ó padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní òun mọ ìwọ̀n òun. Ìdajì ohun tó máa ń lò ló lò lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nílé ìwòsàn. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? — *Ọ̀rẹ́ rẹ̀*

Ìdáhùn: Ìwọ̀n tó mọ̀ jẹ́ ti oògùn mìíràn.

Nínú ọpọlọ, àwọn kẹ́míkà bíi dopamine, noradrenaline àti serotonin ń jíṣẹ́ láti iṣan ọpọlọ kan sí èkejì. Bí wọ́n bá ti jíṣẹ́ tán, ẹnu ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà padà sílé. MDPV àti alpha-PVP ń dí ẹnu ọ̀nà yẹn pa bíi kokéènì. Mephedrone àti methylone, ní tiwọn, ń wọlé lọ lé àwọn ońṣẹ́ náà jáde bíi amphetamine. Nínú àyẹ̀wò láábù, MDPV ń dí ẹnu ọ̀nà dopamine ní agbára tó ju ìlọ́po mẹ́wàá ti kokéènì lọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ́búlẹ́bú funfun ni gbogbo wọn, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n mephedrone lo MDPV ti kọjá ààlà kó tó gbé ọwọ́ kúrò nímú.

Èyí tó ń ti ẹ̀yìn wá pani ni àwọn tó lọ́ra. PMA àti PMMA, tí wọ́n ń tà bíi MDMA, ń pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni náà á dúró, kò ní rí nǹkan, á ní "ayédèrú ni", á sì fi òmíràn lé e. Lẹ́yìn wákàtí kan, méjèèjì á dìde pọ̀. Ara tó gbóná kọjá ààlà la sábà máa ń rí níbẹ̀. Láàárín ọdún 2016 sí 2018, N-ethylpentylone náà gba orúkọ MDMA káàkiri, ó sì ń mú èèyàn wà lójúfò fún ọjọ́ púpọ̀ pẹ̀lú ìfura.

Ẹ tún rántí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń po lẹ́búlẹ́bú yìí mọ́ ohun mìíràn. Igun kan nínú ọ̀rá lè le ju igun kejì lọ. Omi àyẹ̀wò tó ń yí àwọ̀ padà ń sọ pé nǹkan báyìí wà níbẹ̀. Kì í sọ bó ti pọ̀ tó, kì í sì í sọ ohun tó tún lúgọ sábẹ́ rẹ̀. Bí fentanyl, oògùn ẹbí morphine tó lágbára gan-an, bá lúgọ síbẹ̀, ẹni tó yẹ kó máa fò á máa sùn, ọmọlójú rẹ̀ á rí bíńtín, mímí rẹ̀ á lọ́ra. Naloxone ti imú, oògùn tó ń ṣẹ́ agbára fentanyl, ni kí ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta bí kò bá jí. Bí kì í bá ṣe fentanyl, kò ní pa á lára.

Ìbéèrè: Mò ń lo fluoxetine fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí mo bá fo oògùn mi lọ́jọ́ méjì kí n tó lọ sóde àríyá, ṣé mo lè lo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lò? — *Arábìnrin kan*

Ìdáhùn: Rárá, ọjọ́ méjì kò já mọ́ nǹkan kan. Fluoxetine ń wà lára títí di bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí èèyàn dá a dúró. Bí o bá fi oògùn tó ń tú serotonin jáde lé e, serotonin lè kún àkúnya. Òógùn á máa dà, ara á máa gbọ̀n, inú á máa ṣí, ẹsẹ̀ á máa ta. Bí èèyàn bá ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ sókè lójijì, tí ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ fúnra rẹ̀, àmì tí dókítà ń wá nìyẹn. Láàárín wákàtí mẹ́fà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè yára di ooru tí a ṣàlàyé lókè.

Ìwọ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Tramadol, dextromethorphan inú oògùn ikọ́ kan, linezolid tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, àti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní MAOI wà nínú ewu kan náà; MAOI ló burú jù. Tramadol tún ń mú gìrì yá. Má sì dá fluoxetine dúró láìsọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún ọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó padà wá, tí ìsọ̀kalẹ̀ oògùn amárají wá tún bá a níbẹ̀, lè gbé ọ dé ibi tí o kò rò tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé "iyọ̀ ìwẹ̀" yìí ń sọ èèyàn di ẹni tó ń jẹ ẹran ara ènìyàn?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Miami ni ìtàn yẹn ti wá, ní oṣù karùn-ún ọdún 2012: ọkùnrin kan já ojú ẹlòmíràn jẹ, ìròyìn sì gbé e pé "iyọ̀ ìwẹ̀" ló lò. Nígbà tí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, igbó nìkan ni wọ́n rí. A ń bẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í dẹ́rù ba ọmọ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹ purọ́ lórí èyí kò ní gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá sọ ti ooru.

Ìbéèrè: Ilé ìwòsàn yẹ ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò, wọ́n ní kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ṣé ó já sí pé kò lò ó ni?

Ìdáhùn: Kò já sí bẹ́ẹ̀. Páálí àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ ń wá amphetamine, kokéènì, igbó àti ẹbí morphine. Púpọ̀ nínú àwọn cathinone kò jọ wọ́n tó kí páálí náà lè mú wọn. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: bupropion, oògùn gidi tí dókítà ń kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì àti fún ìdáwọ́ sìgá mímu dúró, tó jẹ́ ọmọ ẹbí cathinone, lè mú kí páálí sọ pé amphetamine wà nígbà tí kò sí. Ẹ̀rọ mass spectrometer ní láábù ńlá ló ń sọ orúkọ gan-an. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í dúró dè é. Ohun tó rí lára aláìsàn ló ń tọ́jú.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ti ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn yìí sára. Ó ní abẹ́rẹ́ òun mọ́. Kí ni ẹ lè sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ iye ìgbà ni. Heroin, ó lè jẹ́ ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ lèèyàn ń gún un. Cathinone kì í pẹ́ lára, ìfẹ́ láti tún un ṣe sì ń dé kíákíá. Àwọn kan ń gún un ju ìgbà mẹ́wàá lọ lóòjọ́. Abẹ́rẹ́ tuntun á tán, oorun ọjọ́ mẹ́ta á ti daamú orí, wọ́n á sì mú ti ẹni tó wà nítòsí. Bí kòkòrò HIV ṣe tàn láàárín àwọn tó ń gún alpha-PVP ní Dublin nìyẹn, ní ọdún 2014 sí 2015. Láàárín àkókò kan náà ní Edinburgh, àwọn tó ń gún ethylphenidate, oògùn amárají mìíràn, ló ń kó egbò kíkẹ̀ tó ń wọ ẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan ni kó jẹ́ tirẹ̀. Síbí, òwú àti omi ìpo náà ń gbé HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú irú C kiri. Bó bá ti lo ti ẹlòmíràn, kí ó dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, kí wọ́n fún un ní oògùn ìdènà HIV tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 28. Bó bá ti yá tó ló dára tó. Kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú irú B. Ibi tó gún tó bá ń pọ́n tó ń tàn, tàbí tó ń dùn ju bó ṣe rí lójú lọ, pẹ̀lú ibà, kí ó má sùn mọ́ ọn.

Èyí tó tún ń bà wá nínú jẹ́ ni ti methcathinone, ọmọ ẹbí cathinone kan tí àwọn tó ń lò ó ń sè fúnra wọn. Ní Ukraine, Latvia, Estonia àti Georgia, manganese tó ṣẹ́ kù nínú ohun tí wọ́n sè wọ inú ọpọlọ àwọn tó ń gún un. Wọn kò lè rìn dáadáa mọ́. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gún rìn bí àkùkọ, wọ́n ń ṣubú sẹ́yìn, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ títí kò fi ṣeé gbọ́. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn Parkinson kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dáwọ́ dúró, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn kò padà bọ̀ sípò.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Wọ́n ń ta hóró kan fún ìkàwé mọ́jú, wọ́n ní irú èyí tí dókítà ń kọ ni. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Hóró tí kò ti ọwọ́ apòògùn wá, kò sí bí o ṣe lè mọ ohun tó jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn agbófinró ti gba ayédèrú Adderall (hóró amphetamine tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í gbé ojú kan) tó jẹ́ methamphetamine pátápátá. Wo Captagon náà: oògùn fenethylline ni wọ́n fi ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lónìí, hóró tó ní àmì òṣùpá méjì yẹn, amphetamine àti kaféènì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ojúlówó pàápàá kò lè rọ́pò oorun. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí o kà sí ipò rẹ̀. Bí o bá fi hóró kàwé mọ́jú, wàá dá ara rẹ lójú ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó sì lè dojú rú mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ọkàn rẹ kì í gbé ojú kan láti kékeré, lọ rí dókítà: wọn á wọn ìfúnpá rẹ, wọn á gbọ́ ìlù ọkàn rẹ, wọn á fi ìwọ̀n tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, wọn á sì máa wò ọ́ lọ.

Ìbéèrè: Ọkọ mi dáwọ́ oògùn amárají dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó sùn fún ọjọ́ méjì. Nísinsìnyí ó ń sunkún, ó ní àwọn kan ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn ògiri. Àwọn ẹbí ní ká fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ká gbé e lọ. — *Ìyàwó tó dúró tì í*

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é. Ẹni tó ti ń rò pé wọ́n ń lépa òun, ìdè ni yóò fi gbà pé òótọ́ ni. Àti ẹni tí a dè, tí ara rẹ̀ ń jà, ẹ ti ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lókè.

Oorun ọjọ́ méjì yẹn bá ìṣe ara mu. Ọjọ́ kìíní sí ìkẹta ni oorun àti ebi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ń dé, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí dopamine tó ti ń ná láìwẹ̀yìn kò tíì padà. Àkókò yìí ni ìfẹ́ láti pa ara ẹni máa ń wá. Ẹ bi í tààrà: "Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?" Bíbi í kò ní fi í sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó ọ̀bẹ, okùn, oògùn apakòkòrò àti gbogbo hóró oògùn kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí.

Ní ti ohùn ẹ̀yìn ògiri, kí ẹ má ní "irọ́ ni", kí ẹ má sì ní "òótọ́ ni". Ẹ sọ pé: "Èmi kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń dẹ́rù bà ọ́." Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ má dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Bí oorun bá ti padà, ohùn wọ̀nyí sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan. Tiyín ti di ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ó tó kí dókítà ọpọlọ rí i. Bó bá kọjá oṣù kan láìlo nǹkan, wọ́n á wò bóyá àrùn mìíràn wà nílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ó mọ̀ ni pé bó bá tún padà sí i, ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ lè gbé ohùn náà dé, ní kíákíá.

Kò tíì sí oògùn tí a fi ń rọ́pò amárají bí methadone ṣe ń rọ́pò heroin. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun ní in. Ohun tó ní ẹ̀rí tó lágbára jù ni ètò tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń fún ẹni náà ní ẹ̀bùn kékeré lójú ẹsẹ̀ nígbàkígbà tó bá mọ́. Ìmọ̀ràn tó ń kọ́ni láti mọ ohun tó ń fa ìfẹ́ náà ń ràn án lọ́wọ́. Níwọ̀n bí páálí lásán kò ti lè rí cathinone, ẹ bi wọ́n léèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe.

Nílé, ẹ jẹ́ kí ó yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà. Kí ẹlòmíràn máa tọ́jú owó oṣù fún sáà kan, bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Kí ó máa sùn ní wákàtí kan náà lálẹ́. Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, nítorí yóò ṣòro fún un láti rántí wọn: ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn, orúkọ tí wọ́n fi tà á fún un, ọ̀nà tó gbà lò ó, gbogbo oògùn mìíràn tó ń jẹ, iye wákàtí tó sùn lójoojúmọ́, àti ohun tí ohùn náà ń sọ fún un. Bí ohùn náà bá ń pàṣẹ fún un pé kó ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn.